Èmi Ni Mo Ni Ibùsùn Olówùú Yẹn

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mo rò pé bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, màá gbàgbé rẹ̀. Irọ́ ni. Ibi tí mo fi jígí ojú mi sí ni mo máa ń gbàgbé. Eléyìí kò lọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí ni pé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí n wá jẹ́rìí níwájú ẹbí kan ní Ìdímù. Obìnrin kan máa rí yàrá rẹ̀ gbà padà tàbí kó má rí i gbà, ẹnu mi ló kù sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó tó parí, kò burú, ṣebí mi ò sí nílé yín.

Tíṣà ni mí. Ọmọ Èkìtì ni mí, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbẹ́dá ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé àwàdà ni oúnjẹ mi. Mo máa ń fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń fi bàbá ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé wa pàápàá, mo sọ ọ́ lórúkọ kan tí mi ò lè kọ síbí. Mi ò mọ̀ pé ẹnu tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín náà lè ba ayé èèyàn jẹ́.

Nígbà ìjọba ológun ni. Gbogbo wa ń jáde ro gọ́tà ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Àwọn tó wà ní káńsù wá ṣàkíyèsí pé ohun tó ń dí gọ́tà jù ni ibùsùn. Fóòmù tó ti jẹ, tìmùtìmù tó ti ya, èèyàn á kàn gbé e jù sójú omi. Òjò á rọ̀, omi á wọlé, a ó wá máa bú ìjọba.

Káńsù ní àwọn fẹ́ dán nǹkan kan wò fún oṣù mẹ́ta péré. Kí kálukú gbé ògbólógbòó ibùsùn rẹ̀ wá sábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbẹ̀bí ní Ìdímù. Wọn á tú u, wọn á fi omi gbígbóná fọ aṣọ rẹ̀ kí ìdun lè kú, wọn á sá inú rẹ̀ sóòrùn, wọn á rún un mọ́ ti ẹlòmíràn, wọn á sì tún un rán. Ẹni tó bá mú ògbólógbòó méjì wá á gba àtúnrán kan lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ilé ìgbẹ̀bí ló ń lọ, kí àwọn abiyamọ lè yé sùn lórí irin lásán.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan burúkú nìyẹn? Nǹkan tó dáa ni. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Wolé-wolé kan ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ ilé onílé láti yẹ ìkòkò omi wò. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, iṣẹ́ káńsù kò tíì bà á jẹ́. Ó wá sí ilé ìwé wa pé òun ń wá akọ̀wé, wọ́n sì ní kí n máa lọ lọ́sàn-án tí a bá ti jáde. Iṣẹ́ mi kò ju rẹ́jísítà kan lọ. Mo máa ń kọ orúkọ ẹni tó mú ibùsùn wá, irú ibùsùn tó jẹ́, àti àwọ̀ aṣọ rẹ̀.

Ẹni tó ń rán an ni Ìyá Sàkírà. Télọ̀ ni. Ìdílé onílẹ̀ ní Ìdímù ló fẹ́ ẹ, ọkọ rẹ̀ sì ti kú ní bí ọdún kan ṣáájú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń jókòó sí, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tó pa á lẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ mì kí ohùn tó jáde. Mo máa ń wá ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ nítorí èjìká yẹn.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò wá. Àwa mẹ́ta la jókòó tí à ń wo ara wa. Mo rìn káàkiri láti bẹ àwọn èèyàn. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù kan ní: "Tíṣà, ṣé kí káńsù lè mọ ẹni tó ń tọ̀ sílé mi ni? Ẹ kí wọn jàre." Ọkùnrin kan ní òógùn ara òun ọdún mẹ́jọ ló wà nínú fóòmù òun, ṣé kí òun wá kó ara òun fún ẹni tí òun kò mọ̀ rí? Ohun kan ṣoṣo tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn ni ìjókòó àga kan tí eku ti bímọ sí. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé. Ibùsùn eku ni, kì í ṣe ti èèyàn.

Ojú Wolé-wolé ti ń pọ́n. Ó ní: "Tíṣà, ẹ gbà mí. Ẹ̀yin ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ gbé tiyín wá, wọ́n á gbé tiwọn."

Ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kà á kọjá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wá bá mi gbé láti Èkìtì nítorí àìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ibùsùn olówùú rẹ̀ wá, ó ní fóòmù Èkó ń gbóná bíi sítóòfù. Orí ibùsùn náà ló kú sí, nínú yàrá mi. Nígbà tí a gbé òkú rẹ̀ délé, àwọn àgbà pè mí sápá kan. Wọ́n ní kí n gbé ibùsùn tí bàbá kú lé lọ sígbó, kí n má fún ẹnikẹ́ni, pé a kì í tẹ́ ibùsùn òkú fún ẹlòmíràn sùn. Mo ní mo gbọ́.

Mi ò gbé e. Láti Ẹ̀gbẹ́dá, igbó wo ló tún kù? Ṣé kí n ru ibùsùn gba àárín ọjà kọjá lọ́sàn-án gangan, kí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa tẹ̀ lé mi? Ìwé tí mo kà náà sì ń gùn mí. Mo ní òwú ni òwú, ohun tí omi gbígbóná àti oòrùn kò bá pa, kò sí nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi fara ti ògiri yàrá mi. Nígbà tí Wolé-wolé bẹ̀ mí, ó dà bíi pé Ọlọ́run ló ní kí n rí ibi gbé e jù sí.

Mo rọ́ ọ sínú àpò nílé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí irú èyí tó jẹ́, mo sì gbé e lọ. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo sì kọ ìlà kìíní: orúkọ mi, ibùsùn olówùú, aṣọ onílà búlúù. Mi ò kọ pé òkú ló ni ín. Wọn ò fa ìlà fún ìyẹn nínú ìwé.

Ẹ wá wo èèyàn! Bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Tíṣà ti gbé tiẹ̀ wá, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Wọ́n ń bọ̀ láti Ìkọ̀tún, wọ́n ń bọ̀ láti Ìgàndó. Àwọn ará Gowon Estate ń fi mọ́tò gbé tiwọn wá, wọ́n ń díbọ́n pé ti ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òkìtì fóòmù ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtíbàbà. Fóòmù ni gbogbo wọn. Ibùsùn olówùú kan ṣoṣo ló wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Inú Wolé-wolé ń dùn, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó tuntun. Ilé ìgbẹ̀bí ti gba mẹ́rin. Ìyá Sàkírà ń rán, èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìyá Bọ́sẹ̀, onídìrí tó wà ní òdìkejì títì, wá gba tirẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti bu díẹ̀ lára òwú mi sórí fóòmù tirẹ̀ kó lè rọ̀. Ìyókù òwú náà ṣì wà nínú àpò, a kò tíì tú u sóòrùn. Ó jókòó sórí ibùsùn náà níwájú gbogbo wa, ó ń fi ìdí ta á.

Ó ní: "Tíṣà, wá fọwọ́ kàn án. Òwú gidi! Ìwọ máa sùn lórí fóòmù tìẹ lọ."

Ìyá Sàkírà ti lọ kírun. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo ní: "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ rọra sùn o. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ní 'sún mọ́ ògiri,' ẹ tètè sún. Bàbá Sàkírà ni."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Bọ́sẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe gé. Ó dìde lórí ibùsùn.

"Tíṣà, kí lo wí?"

"Àwàdà ni, Ìyá Bọ́sẹ̀."

"Ẹnu àwàdà náà la ti ń gbọ́ òótọ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀ yẹn. Òun gan-an ló fẹ́ jáde lẹ́nu mi. Nígbà tó dé orí ahọ́n, ẹ̀rù bà mí, mo gbé e mì, mo fi òkú ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Onídìrí ni mo sì lọ sọ ọ́ fún. Ẹni tí orí èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọn ò sì lè dìde lọ! Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìyànà Ìpájà. Ọ̀nà tí ìkéde káńsù fi oṣù kan rìn, àwàdà mi fi ọjọ́ kan ṣoṣo rìn ín.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ya bò wá. Wọ́n ní kí a dá ibùsùn àwọn padà, àwọn ò bá òkú da ara pọ̀. Ibùsùn wo? A ti rún gbogbo rẹ̀ pọ̀! Ọkùnrin tó ní òógùn ara ọdún mẹ́jọ bu ẹ̀kúnwọ́ fóòmù kan, ó gbé e símú. Ó ní: "Tèmi nìyí! Mo mọ òórùn ara mi." Obìnrin kan já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀: "Gbé e sílẹ̀, òórùn ọkọ mi nìyẹn!" Ní ọjọ́ mìíràn, ǹ bá ti fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹun fún oṣù kan. Lọ́jọ́ yẹn, mo lẹ̀ mọ́ àga mi.

Ẹnì kan gbé àpò òwú, ó dà á sílẹ̀. Agolo pẹlẹbẹ kan yí jáde, ó sì dúró lẹ́sẹ̀ Ìyá Bọ́sẹ̀.

Agolo aáṣáà ni. Mo mọ̀ ọ́n. Ìdérí rẹ̀ tẹ̀ lápá kan, nítorí eyín ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi máa ń ṣí i. A wá agolo yẹn títí kó tó kú. Ó ní èmi ni mo jí i. Kò mọ̀ pé òun ń sùn lé e lórí.

Ìyá Bọ́sẹ̀ gbé e sókè: "Ta ló ń fín aáṣáà nínú yín? Àbí Bàbá Sàkírà kọ́?"

Òótọ́ ni, Bàbá Sàkírà fín aáṣáà nígbà ayé rẹ̀. Ìdajì àwọn àgbà Ìdímù ló ń fín in! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ìyá Sàkírà ń sọ pé alágbàṣe kan ni òun ní kó gbé ibùsùn ọkọ òun lọ sígbó. Wọ́n ní níbo ni alágbàṣe náà wà. Ó ti padà sílùú rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wà láàárín wọn. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní: "Ibùsùn ẹ̀gbọ́n mi lo gbé fún káńsù, kí ẹni gbogbo lè máa na ẹsẹ̀ lé e lórí?"

Wolé-wolé pariwo: "Ẹ dákẹ́! Ìwé wà. Tíṣà, ẹ ṣí rẹ́jísítà. Ẹni tó mú olówùú wá, orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀."

Rẹ́jísítà wà lábẹ́ ìdí mi. Mo jókòó lé e.

Mo ní: "Ọ̀gá, mi ò rí i mọ́. Bóyá wọ́n ti kó o mọ́ fóòmù."

Ìyá Sàkírà yíjú sí mi. Ó wo ojú mi. Ó wo àga tí mo jókòó lé. Ó wá gbé ojú kúrò lára mi.

Bó ṣe parí nìyẹn. Káńsù dáná sun gbogbo òkìtì náà lọ́sẹ̀ yẹn. Ilé ìgbẹ̀bí dá mẹ́rin tiwọn padà, àwọn abiyamọ sì padà sórí irin. Wọ́n gbé Wolé-wolé lọ síbòmíràn. Mo gbọ́ pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú àwọn ará ìlú kò tíì là tó fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ará ìlú kọ́. Tíṣà wọn ni. Títí dòní, bí òjò bá rọ̀ tí mo rí fóòmù tó dí gọ́tà, inú máa ń bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí mo fẹ́ bú. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò kàn fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ni.

Ẹnikẹ́ni kò gbé aṣọ fún Ìyá Sàkírà rán mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ tó rán ibùsùn òkú kò gbọdọ̀ rán aṣọ ìkómọ. Ẹbí ọkọ rẹ̀ fi àgádágodo sí yàrá rẹ̀. Ó kó ọmọ rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sínú mọ́tò. Ó ní: "Ẹ ṣé, Tíṣà." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́. Mo dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan kan ilẹ̀kùn mi. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà. Sàkírà ni mí, ọmọ télọ̀ Ìdímù."

Ó ní ẹsẹ̀ ìyá òun kò dáa mọ́. Ó fẹ́ padà wá gbé nínú yàrá tí ọkọ rẹ̀ kọ́ fún un. Ẹbí fẹ́ pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní àwọn ò ní gba obìnrin tó gbé ibùsùn ọkọ rẹ̀ jáde, àfi bó bá lè mú ẹ̀rí wá pé òun kọ́. Ìyá rẹ̀ wá ní kó lọ bẹ Tíṣà, kí Tíṣà mú rẹ́jísítà wá.

Mo ní: "Rẹ́jísítà kẹ̀? Ṣebí ó ti sọnù tipẹ́."

Sàkírà rẹ́rìn-ín. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì. Ó ní: "Ìyá mi sọ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé tíṣà kì í jù rẹ́jísítà nù."

Òótọ́ ni. Ó wà nínú àpótí mi, lábẹ́ ìwé ẹ̀rí mi. Ó mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ọdún mẹ́wàá ó lé ni obìnrin yìí fi ń dúró kí n dìde lórí àga.

Mo ti ronú pé kí n ya ojú ìwé kìíní. Ṣùgbọ́n bí ìlà kìíní kò bá sí, ta ló gbé olówùú wá? Orí rẹ̀ náà ni wọ́n á tún dì í rù. Mo ti ronú pé kí n ṣàìsàn lọ́jọ́ Àìkú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti kọ́ mi.

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni igbákejì ọ̀gá ilé ìwé báyìí, ọmọ àwọn ará Ìdímù yẹn ni mo sì ń kọ́. Àwọn àgbà wa ní Èkìtì á gbọ́ ohun tí mo fi ibùsùn bàbá ṣe. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi láti ogún ọdún wá á máa ronú pé irú òkú wo ni mo tún ń tà fún àwọn. Mo ní àyà láti fi òkú ṣàwàdà, mi ò ní àyà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alààyè. Ọ̀rọ̀ ara mi sú mi.

Ìyá Sàkírà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí sí yín létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mi ò sọ pé ẹ gbàgbé o. Èmi náà ò gbàgbé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí níyànjú kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní kọ̀rọ̀ ni, àbí kí n jẹ́ kó gbọ́ ọ níbi tí gbogbo wọn ti máa gbọ́ ọ, bí wọ́n ṣe bú u níbi tí gbogbo wọn ti gbọ́? Láti ọjọ́ tí Sàkírà ti wá, ojoojúmọ́ ni mo ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi, tí mo ń fi ohùn kíláàsì ka rẹ́jísítà náà sókè kó lè mọ́ mi lẹ́nu. Ohùn mi ń já gaara. Ìlà kejì ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀.